Àdúrà Tí Mo Ṣe fún Ólífà

Ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi ní Amẹ́ríkà kì í ṣe èèyàn. Ilé ìtajà ni, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá kí n tó mọ ìyàtọ̀.

Mo ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀ nígbà yẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ká aṣọ ibùsùn nílé ìfọṣọ ńlá kan tó ń fọṣọ fún àwọn ilé ìwòsàn. Láràárọ̀ ni mo máa ń wọlé, màá sì kí gbogbo ilé bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ẹnì kan á gbé orí sókè díẹ̀ bí ẹni tí eṣinṣin bà lé létí; àwọn yòókù á máa ká aṣọ wọn lọ. Ní Ifangni, ìlú wa tí àwa onílé ń pè ní Ìfọ̀nyìn, bí o bá kí èèyàn márùn-ún láàárọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ńṣe ni wàá pa dà sílé lọ bi ìyá rẹ pé kí ni ìdílé wa ṣe fún wọn. Níbí, a ò ṣe nǹkan kan fún wọn. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ó yẹ kí n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo gboyè nínú ìmọ̀ àwùjọ ẹ̀dá ní yunifásítì. Ìwé àṣegboyè mi nípọn bíi búrẹ́dì, ó sì to lẹ́sẹẹsẹ àwọn ìdí tí ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa kò fi gbọdọ̀ sá lọ sókè òkun. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó gbọ́ ọ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi lórí rẹ̀ ni mo fi tọrọ físà.

Ọjọ́ Ẹtì kan, bí mo ṣe ń jẹ ìrẹsì tútù lórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, pọ́ọ̀tábù mi dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni.

"Ẹ ǹlẹ́ o! Ọ̀la ni ọjọ́ ìbí Ólífà. A ò gbàgbé! Ẹ mú un wá sọ́dọ̀ wa, ẹ̀bùn rẹ̀ wà nílẹ̀."

Mi ò mọ Ólífà kankan. Ṣùgbọ́n ẹni kan kí mi, ó sì dárúkọ ọmọ fún mi. Kí ni èèyàn ń ṣe bí wọ́n bá dárúkọ ọmọ fún un? Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo nu ọwọ́, mo sì kọ ọ́ ní èdè òyìnbó tí mo ní pé: "Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á dá Ólífà sí. Á gbó, á tọ́, á ṣojú yín. Ẹ bá mi kí ìyá rẹ̀."

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, wọ́n dáhùn: "Ẹ ṣeun tí ẹ wà pẹ̀lú wa!" Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo wà pẹ̀lú wọn.

Láti ìgbà náà, wọn ò pa mí tì. Ọjọ́ Ajé, wọ́n á bi mí bóyá Ólífà gbádùn òpin ọ̀sẹ̀. Bí mo bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á ní ojú mi ń yun àwọn. Ta ni ojú mi tún ń yun ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà? Lábẹ́ gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ wọ̀nyí ni ìlà kékeré kan máa ń wà pé bí mi ò bá fẹ́ mọ́, kí n kọ DÚRÓ ránṣẹ́. Mi ò lè kọ ọ́. Dúró ni àwọn aṣọ́bodè ń kígbe ní Ìgòlò sí ẹni tó gbé jálá epo bẹntiróòlù sórí alùpùpù. A kì í sọ ọ́ fún ẹni tó ń béèrè àlàáfíà ọmọ.

Ìyá mi ń ta gàrí ní ọjà Ìgòlò yẹn, lẹ́bàá ẹnubodè. Ó máa ń gba ìpè mi láàárín ariwo àwọn oníbàárà.

"Àlóò? Ṣé o ti rí ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Mo ti rí, Ìyá. Àwọn kan tó ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ọmọ kan, Ólífà."

"Alihamudulilai! Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Ọkùnrin ni mo rò."

"Ṣé ó ti ń rìn?"

"Wọn ò sọ."

"Béèrè, ọmọ mi. Ẹni tí kò béèrè ọmọ ọlọ́mọ, wọn kì í béèrè tirẹ̀. Bọ̀n, ó dáa, bá mi kí i o. Ẹ̀yin, ẹ má da gàrí mi nù, mò ń bá Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀!"

Mo béèrè. Wọ́n dáhùn pé Ólífà lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó dára jù lọ.

Kòjó ló là mí lójú. Ará Lomé ni, èmi àti òun la jọ ń ká aṣọ, èdè Faransé la sì fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó yọjú wo pọ́ọ̀tábù mi láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni wọ́n ní egungun tuntun ti dé fún?"

"Ólífà. Ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ mi kan."

"Ọmọ tó ń jẹ egungun?"

"Bóyá wọ́n fi ń se ọbẹ̀ fún un."

Ó gba pọ́ọ̀tábù náà, ó tẹ ìlà aláwọ̀ búlúù tó wà nísàlẹ̀, èyí tí èmi kì í tẹ̀ láé nítorí pé wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn olè ló ń gbé inú rẹ̀. Àwòrán kan jáde. Ajá ni. Ajá onírun funfun, ó dé fìlà ọjọ́ ìbí, ó yọ ahọ́n. Kòjó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkìtì aṣọ àwọn aláìsàn.

"Ilé oúnjẹ ajá ni, ẹ̀gbọ́n! Ẹni tó ni nọ́ńbà yín tẹ́lẹ̀ ló ni ajá. Ẹ̀rọ ló ń kọ̀wé sí yín. Ẹ̀rọ! Kí lẹ máa ń fi dá a lóhùn?"

Mi ò sọ fún un. Mo ti ṣàdúrà fún ajá náà kó rí aya rere fẹ́.

Ohun tó dùn mí kì í ṣe pé Ólífà jẹ́ ajá. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́nikẹ́ni lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí mo ti ń kàn. Mo rántí gbogbo alẹ́ tí mo ti rò ó pé, ó kéré tán, ìdílé kan wà nílùú yìí tó máa ṣàkíyèsí bí mo bá kú. Ìtìjú mú mi, ìtìjú sì sún mọ́ ìbínú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn wọlé: "Ṣé àwọn ilé ìtajà ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ ò béèrè yọ yín lẹ́nu? Òfin wà fún un. Ẹ lè gba owó ìtánràn." Ilé iṣẹ́ lọ́yà kan ló fi í ránṣẹ́. Èmi kọ́ ni mo béèrè rẹ̀.

Kòjó ní, "Ẹ kọ ọ́. Wọ́n ń sanwó fún un níbí. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń sanwó fún ẹni tí wọ́n kí!"

Fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ pẹ̀lú àpótí kéékèèké márùn-ún tí èèyàn máa fàmì sí. Ṣé èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n kọ̀wé sí mi? Ṣé wọ́n kọ ọ́ léraléra? Ṣé ó da oorun mi rú? Ṣé ó kó ìdààmú bá ọkàn mi? Ṣé mo sọ fún wọn kí wọ́n dúró, wọn ò sì dúró?

Mo fàmì sí gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ara mi. Níbi tí mo ti dàgbà, èèyàn kì í fi àpótí kankan sílẹ̀ lófìfo nínú fọ́ọ̀mù. Ní ọ́fíìsì kan tí mi ò ní dárúkọ, ìyá mi lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, nítorí ojú ìlà kan tó ṣófo. Akọ̀wé á ṣí ìwé, á rí òfìfo náà, inú rẹ̀ á dùn. "Dósíè yín ò pé, Màmá. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Àwa ọmọ ibẹ̀ mọ̀ pé ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè kọ́ ni òótọ́. Ó ń béèrè pé kó kún. Mo kọ tèmi kún tán, mo fi ránṣẹ́, mo sì sùn dáadáa. Kò pé ọjọ́ mélòó kan, ilé oúnjẹ ajá kọ̀wé pé ojú mi ń yun àwọn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Mo dáhùn pé, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

Lọ́yà pe ilé oúnjẹ ajá lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rá bí ìgbín. Ọdún kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú ẹjọ́ náà, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n fi síwájú, nítorí pé fọ́ọ̀mù tèmi ló kún jù. Mo ń ká aṣọ lọ. Obìnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ dáhùn ìkíni mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Ìwọ náà." Mo sọ fún gbogbo ilé wa ní Ìfọ̀nyìn. Ìyá mi ní kí n má jẹ́ kí ìyẹn bọ́. Kòjó ní kí n kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní ẹsẹ̀ méjì.

Lọ́dún karùn-ún, mo kọ̀wé pé mo fẹ́ di ọmọ ìlú. Wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí màá wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lọ́yà mi ránṣẹ́ pè mí.

Àga ọ́fíìsì rẹ̀ rọ̀ débi pé èèyàn á jókòó tán, á sì máa wo olówó láti ìsàlẹ̀. Ó tẹ́ ìwé sórí tábìlì.

"Ilé oúnjẹ ajá fẹ́ yanjú ẹ̀ láìdé kóòtù," ó ní. "Wọn ò gbà pé àwọn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n máa sanwó fún gbogbo èèyàn. Wọ́n kàn fẹ́ kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níwájú búra sínú ìwé pé wọ́n da ọkàn rẹ̀ láàmú, àti pé ó ní kí wọ́n dúró."

"Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ kí n búra?"

"Nítorí èyí." Ó fa àwọn ojú ewé kan tí wọ́n tẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Gbogbo ìdáhùn mi ló wà níbẹ̀. Ó gbé ọ̀kan, ó kà á bí ẹni ń ka àbájáde àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: "'Kí Ọlọ́run fún Ólífà ní aya rere.' Kí ni èyí?"

"Ìdáhùn ni."

"Fún ìpolówó oúnjẹ ajá?"

"Wọ́n kí mi ni."

"O ò sọ fún mi pé o ń dá wọn lóhùn."

"Ẹ ò bi mí."

"Ọ̀kan níbí, o kọ ọ́ lẹ́yìn tí o ti kọ fọ́ọ̀mù kún. Níbo ni èyí tí o ti ní kí wọ́n dúró wà?"

Ó wo ojú mi, ó sì tètè gbé ojú kúrò, bí ẹni tó rí ohun tí kò fẹ́ mọ̀.

"Má dààmú," ó ní. "Buwọ́ lù ú. Fọ́ọ̀mù lásán ni."

"Ìbúra ni wọ́n kọ sókè rẹ̀."

"Fọ́ọ̀mù ìbúra lásán."

Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Nílé, mo ṣí ìwé tí ìjọba fi ránṣẹ́, tí wọ́n fi sọ ìbéèrè tí wọ́n lè bi mí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó dá mi dúró: ǹjẹ́ mo ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìròyìn èké rí? Mo jókòó tì í. Bí mo bá buwọ́ lu ìwé lọ́yà, mo búra èké, ìjọba sì lè wá a rí. Bí mi ò bá buwọ́ lù ú, wọ́n á béèrè ìdí tí mo fi fàmì sí àpótí karùn-ún níjọ́sí. Ọ̀nà méjèèjì, òpùrọ́ ni mí. Ọdún márùn-ún aṣọ ibùsùn lè fọ́ yángá lórí ọ̀rọ̀ ajá. Láti ọjọ́ yẹn, bí pọ́ọ̀tábù mi bá ti dún, màá dà á dojú bolẹ̀. Níbi iṣẹ́, mo ká aṣọ kan náà nígbà mẹ́rin, mo sì tú u ká.

Mo pe ìyá mi. Àṣìṣe ni.

"Ẹjọ́? Yéè! Wọ́n ti gbé kọnfokasíọ̀n fún ọ?" Ọ̀rọ̀ yẹn, ìwé tí ọlọ́pàá fi ń pe èèyàn, nìyá mi bẹ̀rù jù ní ayé yìí lẹ́yìn ejò.

"Rárá, Ìyá. Èmi ni mo pe àwọn kan lẹ́jọ́."

"Ìwọ? Àjèjì? O pe onílé lẹ́jọ́ nílé rẹ̀?" Ó kígbe débi pé mo gbọ́ tí ọjà dákẹ́. "Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?"

"Wọ́n kí mi."

"Wọ́n…?"

"Wọ́n kí mi láìjẹ́ pé mo ní kí wọ́n kí mi."

"Ta ló máa ń ní kí wọ́n kí òun? Ṣé àwọn òbí Ólífà ni? Áà! Ọmọ tí mo ń fi sínú àdúrà!"

Mi ò tíì sọ fún un nípa ajá náà. Mo dágbére fún un, mo sì pe Bàbá Dàgbé.

Bàbá Dàgbé ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Dàgbé ló ń gbé, kò sì sí ìjà ààlà oko láti ibẹ̀ dé Banigbé tí wọn ò ní pè é sí. Kò lọ ilé ìwé rárá. Mo máa ń ṣàlàyé nǹkan fún un tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́: ajá, àdúrà, àpótí márùn-ún, ìbúra. Ó gbọ́ mi tán.

"Ìwé tí wọ́n ní kí o buwọ́ lù yìí, bí wọ́n bá gbé Kùránì lé e, ṣé wàá buwọ́ lù ú?"

"Wọn ò gbé Kùránì lé e, Bàbá."

"Dákọ̀, mo gbọ́. Kí ló wá dé tí o fi ń pè mí?"

Ó wúkọ́.

"Ọkùnrin kan wà ní Ko-Koumolou tó hú pèrègún ààlà, tó tún un gbìn sínú oko ẹnìkejì rẹ̀. A ti dá ọjọ́ tí a máa lọ wọn ilẹ̀. Ó ku ọ̀la, ó wá bá mi nílé, ó ní, 'Bàbá, èmi ni mo hú u.' A ò bu owó ìtánràn lé e. Ó kàn tún pèrègún gbìn síbi tó wà tẹ́lẹ̀ ni. Irọ́ tí ẹni tó pa á bá fúnra rẹ̀ tú, ìtàn ni. Èyí tí ẹlòmíràn bá tú, ẹjọ́ ni. Ta ni o fẹ́ kó tú tìrẹ?"

"Wọ́n lè lé mi kúrò níbí, Bàbá."

"Wọ́n lè lé ọ. Ilé rẹ wà níbí." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín tó ti ń dì mọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ajá! Ìwọ tó ka ìwé ju gbogbo wa lọ! Aya wo lo tọrọ fún un?"

Mo kọ̀wé sí lọ́yà. Mo ní wọn ò da ọkàn mi láàmú nígbà tí wọ́n ń kí mi. Mo ní mi ò kọ DÚRÓ rí, àpótí karùn-ún kì í ṣe òótọ́, mo fàmì sí i nítorí pé ó ṣófo. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ mọ ohun tó dà mí láàmú, ọjọ́ tí mo mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ ni. Lọ́yà pè mí. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní ìyà tí mo kọ yìí, òfin ò mọ̀ ọ́n. Ó yọ orúkọ mi kúrò níwájú ẹjọ́, ó fi ti obìnrin kan tó ní ológbò sí i, ẹni tó ti kọ DÚRÓ ní àìmọye ìgbà pẹ̀lú èébú. Wọ́n yanjú ẹjọ́ náà, wọ́n pín owó, kò kàn mí. Kòjó ní òun ò tíì rí ẹni tó fi òótọ́ pa ara rẹ̀ lẹ́kún bíi tèmi.

Ilé oúnjẹ ajá ò kọ̀wé sí mi mọ́. Mo retí pé ara á tù mí. Ohun tí mo ń gbọ́ dípò rẹ̀ ni ẹ̀rọ amúlétutù.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo dé wákàtí méjì ṣáájú. Obìnrin kan ló pè mí wọlé, àgbàlagbà, ó fi okùn so gógósì, awò ojú rẹ̀, mọ́ ọrùn. Ó ní kí n na ọwọ́ ọ̀tún sókè, kí n búra pé òótọ́ ni màá sọ. Mo na án. Ó ń ka ìbéèrè láìgbé ojú sókè: ṣé mo ti wà nínú ogun rí? Ṣé mo ti ta oògùn olóró rí? Rárá, rárá. Ó dé ibẹ̀.

"Ǹjẹ́ o ti fún òṣìṣẹ́ ìjọba kankan ní ìròyìn èké rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó gbé ojú sókè.

Mo sọ ọ́. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ méjì tò ó lẹ́sẹẹsẹ nínú èdè òyìnbó, ṣùgbọ́n ìdajì ló ṣẹ́kù lẹ́nu mi. Mo sọ ti àtẹ̀jíṣẹ́, mo sọ ti àpótí, mo sọ ti ìwé tí mi ò buwọ́ lù. Ó yọ gógósì.

"Ajá?"

"Ajá ni, mà."

"O sì ṣàdúrà fún un?"

"Kó gbó, kó tọ́."

Mo ti ń ronú ẹrù tí màá kọ́kọ́ dì.

"Lọ́yà yìí, ṣé òṣìṣẹ́ ìjọba ni?"

"Rárá, mà."

"Ilé ìtajà ajá ńkọ́?"

"Rárá."

"A jẹ́ pé Rárá ni ìdáhùn rẹ." Ó tẹ nǹkan kan sórí ẹ̀rọ. "Èèyàn mẹ́sàn-án ló ṣì wà níta, Ọ̀gbẹ́ni. Ìbéèrè tí mo bá bi ọ́ ni kí o máa dáhùn."

"Ṣùgbọ́n mo parọ́, mà."

"Mi ò ní àpótí fún ìyẹn."

Ó béèrè ìyókù, ó parí, ó sì yí gíláàsì ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú pẹ́ẹ̀nì kékeré kan. Gbogbo ìdáhùn mi wà níbẹ̀, wọ́n mọ́, wọ́n gún régé, kò sí èyí tó ṣófo. Rárá, kò ṣe èyí rí. Rárá, kò ṣe ìyẹn rí. Rárá, kò fúnni ní ìròyìn èké rí. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò sì mọ ẹni mímọ́ tí wọ́n ń sọ.

"Ṣé ìṣòro wà?" obìnrin náà béèrè.

Mo ní kò sí. Mo sì buwọ́ lù ú.